Ìgò lọ́fínńdà tí wọ́n ń tà ní òfìfo: ẹ̀kọ́ láti Toledo fún àwọn oníṣòwò Òrégún

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọ̀rọ̀ ìgò la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ìgò ọtí, kì í ṣe ìgò oògùn, ìgò lọ́fínńdà ni. Àwọn tó ń po lọ́fínńdà tà ní Òrégún, Ìkẹjà, títí lọ dé Agége kò kéré. Wọ́n á ra òróró olóòórùn dídùn, wọ́n á fi sípíríìtì là á, wọ́n á jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, ó di ọjà nìyẹn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ìṣòro wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò ní dárúkọ òórùn. Òórùn tiwọn lè máà yàtọ̀ sí ti òkè òkun rárá. Ìgò ni wọ́n á dárúkọ.

Ìrínisí ni ìsọnilójọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín kò tíì gbọ́ òórùn kankan tí ojú rẹ̀ fi ti rí ìgò. Bí ìgò náà bá jọ èyí tí gbogbo ayé ń lò, iye tí gbogbo ayé ń tà á ló máa fẹ́ san. Ẹ lè rọ òróró tó wọ́n jù lọ sínú rẹ̀, kò ní ka ìyẹn sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò pé òun fẹ́ ìgò tó ní ìrísí tirẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé òun ni yóò sanwó mọ́ọ̀dì tí wọ́n máa fi ṣe é, àti pé wọn kì í tan iná ìléru nítorí ọgọ́rùn-ún ìgò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ Beta Glass tó ní ibùdó ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ń ṣe ìgò fún àwọn ilé iṣẹ́ ọtí, àwọn ẹlẹ́rìndòdò, àwọn tó ń ṣe oògùn àti àwọn tó ń ṣe ohun ìṣaralóge. Irú àwọn oníbàárà ńlá bẹ́ẹ̀ ni iná ìléru wà fún. Unilever tó wà ní Billings Way ní Òrégún lè pàṣẹ ohun tó bá wù ú. Ẹni tó ń po lọ́fínńdà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbí ni àwọn kan ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá mọ Òrégún dáadáa mọ ààtàn Olusosun, tó wà láàárín Òrégún àti Ọjọ́ta. Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí Èkó síbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100 éékà. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ńlá ṣẹ́ yọ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì dààmú àwọn ará àdúgbò. Àwọn tó ń ṣa irin, ike àti ìgò lórí ààtàn náà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ran ìlú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfìfo ìgò lọ́fínńdà olórúkọ ńlá wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń dà nù, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára, nígbà mìíràn pẹ̀lú páálí rẹ̀. Àwọn kan sì wà láàárín ìlú tí wọ́n ń wá irú ìgò bẹ́ẹ̀ kiri. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ òróró tiwọn sí i, wọ́n á wá tà á bí ẹni pé Paris ló ti dé.

Ẹ má bá wọn dé ibẹ̀. Orúkọ tó wà lára ìgò yẹn ní ẹni tó ni ín, òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà ilẹ̀ wa sì dáàbò bò ó. Ayédèrú ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ lójú àjọ NAFDAC. Ká tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ òfin tì ná. Bí òórùn tí ẹ pò bá dára, ta ni oníbàárà máa yìn? Ará Paris ni. Bó bá padà wá, orúkọ yẹn náà ló máa béèrè. Ẹ ti fi owó yín àti làákàyè yín polówó ọjà ẹlòmíràn.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ti gba ọ̀nà náà kọjá ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Ìgò lọ́fínńdà tí wọ́n ṣe nígbà náà ni àwọn èèyàn ń wá kiri lónìí. Àwọn tó ń kó o jọ tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, International Perfume Bottle Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ohun tó kan oníṣòwò kékeré nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀kan lára àwọn tó lórúkọ jù nídìí ìgò wọ̀nyí kì í yọ́ gíláàsì fúnra rẹ̀.

Dókítà ọ̀fun tó sọ ìgò di òwò

Ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, dókítà kan wà tó ń tọ́jú imú àti ọ̀fun. Allen DeVilbiss lorúkọ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀fun bá ń dun èèyàn, wọ́n á ki òwú bọ inú oògùn, wọ́n á fi pa á lọ́fun. Ìnira gbáà ni. Dókítà yìí ṣe ohun èlò kan tó ní rọ́bà roboto nídìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ rọ́bà náà, atẹ́gùn á gbá oògùn jáde bí ìrì. Ní ọdún 1888 ni ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò náà bẹ̀rẹ̀. Thomas, ọmọ rẹ̀, ló wá ronú pé ohun tó lè fín oògùn lè fín lọ́fínńdà pẹ̀lú, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1907, wọ́n ti ń ṣe ìgò tó ń fín lọ́fínńdà. Ilé iṣẹ́ kan náà yìí ló tún ń ṣe ohun èlò tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíkun mọ́tò, bí ẹ bá ti rí orúkọ DeVilbiss lára ohun ìfín-ọ̀dà rí, ìbátan ìgò lọ́fínńdà ni ohun tí ẹ dì mú yẹn.

Níbo ni DeVilbiss ti rí ìgò? Ó rà á ni. Ó ra lára Steuben ní ìlú Corning ní ìpínlẹ̀ New York, ilé iṣẹ́ tí Frederick Carder àti Thomas Hawkes dá sílẹ̀ ní ọdún 1903. Ó ra lára Cambridge Glass ní Ohio níbẹ̀, ó ra lára Fenton ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ó tún ń ra láti ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí ìgò bá dé Toledo, iṣẹ́ tirẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi wúrà ya òdòdó sí i lára, wọ́n á de orí irin tí wọ́n fi wúrà bò mọ́ ọn, wọ́n á so ọ̀pá rọ́bà mọ́ orí náà, wọ́n á fi sílíkì bo rọ́bà roboto tó wà nídìí, àwọn míì á tún ní ìṣẹ́tí olówùú tó ń mì dìrọ̀dìrọ̀. Wọ́n á wá kọ orúkọ DeVilbiss sí ìdí ìgò tàbí kí wọ́n lẹ bébà tó ní orúkọ náà mọ́ ọn. Ẹni tó rà á kò béèrè ta ló yọ́ gíláàsì rẹ̀. Ìgò DeVilbiss ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí òun ni ọjà wà nídìí rẹ̀. Òfìfo ni DeVilbiss ń ta ìgò rẹ̀. Kò sí lọ́fínńdà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà nígbà náà máa ń ra lọ́fínńdà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, nínú ìgò tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á dà á sínú ìgò ẹlẹ́wà tó wà níwájú díngí wọn. Bí lọ́fínńdà bá tán, wọ́n á ra òmíràn, ìgò wà níbẹ̀. Ìgò jẹ́ ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ohun èlò ilé bí aago. Ọjà méjì ni òwò náà wá dì: ìgò tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan, àti òórùn tó ń rà léraléra.

Ẹ wò ó báyìí, kí ẹ mú bébà àti bírò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí a máa dá yìí o, ẹ fi iye ọjà ọjọ́ tí ẹ bá ń kà á rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ ra ìgò lásán kan ní ₦1,500, ohun ìfín tó dáa jẹ́ ₦500, owó ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ sí i jẹ́ ₦700, páálí jẹ́ ₦300. ₦3,000 ló ná yín. Ẹ tà á ní òfìfo ní ₦5,000. Oníbàárà tó bá rà á, ẹ rọ òórùn tó yàn sínú rẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ gba owó òórùn lọ́tọ̀, ká ní ₦4,000, tí ₦2,000 sì jẹ́ èrè. Èrè ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦4,000. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó gbé ìgò rẹ̀ padà wá. Ẹ kò ní ra ìgò mìíràn, ẹ kò ní ra páálí, ẹ kò sanwó ọ̀ṣọ́. Ẹ lè dín ₦500 kù fún un nínú owó òórùn, inú rẹ̀ á dùn, ẹ̀yin náà á sì jẹ èrè ₦1,500 láìlo ìgò kankan. Bó bá padà wá nígbà márùn-ún láàárín ọdún, ẹ ti jẹ ₦7,500 lórí ìgò tí ẹ ti jèrè lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta tirẹ̀ nínú ìgò tí wọ́n ń dà nù ní láti ra ìgò tuntun nígbà márùn-ún, kó sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí oníbàárà rántí òun.

A mọ̀ pé àwọn tó ń ta òróró olóòórùn ní Èkó ti ń bá èèyàn rọ lọ́fínńdà sínú ìgò tipẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìgò ẹlòmíràn ni oníbàárà sábà máa ń gbé wá, tàbí ìgò kékeré onírọ̀bọ̀tọ̀ tó ń yí lẹ́nu, tí kò ní orúkọ kankan. Bí ìgò náà bá jẹ́ tiyín, tó ní orúkọ yín, ilé yín náà ló máa mọ̀ ọ́n wá.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó wọ òwò ìgò lọ́fínńdà ní Amẹ́ríkà ló rí i bó ṣe fẹ́. Ní ìlú Toledo kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Owens ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ìgò ṣe, ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903. Ṣáájú ìgbà náà, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ìgò, àwọn ọmọdé ló sì ń gbé e láti ibi kan dé ibòmíràn nínú ooru. Ẹ̀rọ yìí sọ ìgò di pọ́ńkú. Àwọn tó ń fẹnu fẹ́ ìgò lásán rí i pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kù ni àwọn tó ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe: àwọ̀ tí kò sí níbòmíràn, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀ṣọ́. Carder ti Steuben ní gíláàsì kan tó ń dán bí wúrà, tó fi orúkọ rẹ̀, Aurene, sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1904. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ṣòfò.

Ìtàn Fenton wọ̀ mí lọ́kàn ju tàwọn yòókù lọ. Frank Fenton àti arákùnrin rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1905. Nígbà tó di àárín ọdún 1930 sí 1940, ọjà ti kú ní Amẹ́ríkà, owó wọ́n, òṣìṣẹ́ jókòó lásán. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti lọ́fínńdà kan ní Chicago, Wrisley, wá pàṣẹ ìgò lọ́wọ́ wọn, ìgò tí ara rẹ̀ kún fún kókó kéékèèké bí ara ọ̀pẹ̀-òyìnbó. Ìgò yẹn ló jẹ́ kí iná ìléru Fenton máa jó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ ọgbọ́n. Wọn kò jókòó sí ìdí oníbàárà kan ṣoṣo. Wọ́n mú àrà kókó kéékèèké náà, wọ́n fi ṣe àwo, ife àti ìkòkò òdòdó tiwọn, ó sì di ọjà tí wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2011 ni Fenton tó jáwọ́ nínú iṣẹ́ gíláàsì náà.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ti Avon. David McConnell, tó ń ta ìwé láti ilé dé ilé, máa ń fún àwọn obìnrin ní lọ́fínńdà díẹ̀ kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rí i pé lọ́fínńdà ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìwé. Ní ọdún 1886 ló bẹ̀rẹ̀ California Perfume Company, ilé iṣẹ́ tó yí orúkọ padà sí Avon ní ọdún 1939. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, Avon ń ṣe ìgò ní ìrísí mọ́tò, ẹyẹ, bàtà àti ohun gbogbo. Àwọn èèyàn ń rà á tọ́jú pé yóò di owó lọ́jọ́ iwájú. Kò dì í. Gbogbo ilé ló tọ́jú tirẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wá a. Ẹni tó bá gbé àpótí kan rẹ̀ jáde lónìí, dọ́là díẹ̀ ni wọ́n máa fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìgò Aurene kan ṣoṣo lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là.

Bí ìgò àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ Avon yẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ẹrù tòkunbọ̀, tàbí tí ẹbí wọn wà ní Amẹ́ríkà tó ń kó ẹrù ilé ránṣẹ́. Ìgò àtijọ́ lè wà láàárín àwo àti ife, kí ẹ má sì mọ̀. Ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wúrà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìgò lọ, níbi tí ojú mọ́ọ̀dì méjì ti pàdé. Bí ìlà yẹn bá gòkè títí kọjá ẹnu ìgò, ẹ̀rọ ló ṣe é. Bó bá dúró sí ọrùn, ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí ìlà rárá, tí ìdí rẹ̀ sì ní ojú àpá kan níbi tí wọ́n ti gé e kúrò lára irin, tàbí ibi kóńkó tí wọ́n ti lọ àpá náà dán, ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdérí. Àwọn ìgò tó dáa, ńṣe ni wọ́n máa ń lọ ìdérí gíláàsì mọ́ ọrùn ìgò kan pàtó, débi pé ìdérí ìgò mìíràn kò ní wọ̀ ọ́ dáadáa. Apá kan wọn ní nọ́ńbà kan náà tí wọ́n fín sí ìdérí àti sí ọrùn. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹnì kan ti pààrọ̀ ìdérí, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ nìyẹn. Ìdérí míì ní ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn wọnú ìgò, tí wọ́n fi ń kan lọ́fínńdà sára. Ọ̀pá yẹn máa ń kán, àwọn ẹlẹ́tàn á sì lọ ibi tó kán dán kí ẹ má baà mọ̀. Bó bá kúrú jù, tí kò sún mọ́ ìdí ìgò, ẹ fura.

Ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí inú rẹ̀ bá ṣú bí èéfín, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ wò ó. Bí kò bá lọ, gíláàsì náà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì sí ọṣẹ tó máa yanjú rẹ̀. Ti DeVilbiss ní tirẹ̀, rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Á gan, á fọ́ bí bisikíìtì. Ìyẹn kò ba ìgò jẹ́, ẹ má wulẹ̀ fi tuntun olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó o jọ fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Orúkọ tó wà nídìí ìgò dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Steuben ló ní orúkọ, àwọn ẹlẹ́tàn sì mọ bí wọ́n ṣe ń fín orúkọ sí ìdí ìgò. Gíláàsì aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ lè ní uranium nínú. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní ṣọ́ọ̀bù máa jẹ́ kó tàn yòò bí ìmùlẹ̀mófo. Ìyẹn fi hàn pé uranium wà níbẹ̀, kò fi hàn pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kò sì fi hàn pé ó ti pẹ́, nítorí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe púpọ̀, àwọn kan sì tún ń ṣe é dòní. Ẹ má ta ìgò kankan lórí ẹ̀rí kan ṣoṣo. Kí ẹ sì wo iye tí irú rẹ̀ tà gan-an lọ́wọ́ àwọn alágbàtà gbàǹjo, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á ń béèrè.

Òwò tòkunbọ̀ ìgò dára fún ẹni tó ní sùúrù. Owó ojoojúmọ́ kọ́. Ká padà sí ẹni tó ń po lọ́fínńdà ní Òrégún.

Ọ̀ṣọ́ tiyín, orúkọ tiyín

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí gíláàsì. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa yọ́ gíláàsì tiwọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn láti inú ohun tí wọ́n hú níbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe po gíláàsì yẹn yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òkèèrè. (Ẹni tó bá hú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀, kó gbé e lọ fún àjọ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé o, òfin kò gbà kí èèyàn dá irú rẹ̀ tà síta.) Ní Bídà, àwọn Masaga tó jẹ́ Núpé ń yọ́ òfìfo ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ títí di ayé òde òní. Ìgò tó ti di pàǹtí lọ́wọ́ ẹnì kan di ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ wọn, láìjalè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí ẹ lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ kò jìnnà. Ìlẹ̀kẹ̀ Bídà kan lè di ohun tí wọ́n so mọ́ ọrùn ìgò. Aṣọ òkè tí wọ́n ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ lè di àpò rẹ̀ dípò páálí. Àwọn tó ń kọ nǹkan sára gíláàsì mọ́tò àti fèrèsé lè fi iyanrìn fín orúkọ yín sára ìgò, èyí kì í bó bí ọ̀dà. Bó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ da sípíríìtì sí i lára kí ẹ fi aṣọ nù ún. Ọ̀dà tí sípíríìtì bá bó, lọ́fínńdà tí ẹ fẹ́ tà máa bó o lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ mú irú ìgò kan, ẹ má mú márùn-ún. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò lọ́fínńdà ní ẹnu tó jẹ́ mílímítà 15, ohun ìfín rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ mọ́ ọn lórí pátápátá. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣe é ṣí mọ́, kò sì ṣe é rọ òmíràn sí. Fún òwò tí a ń sọ yìí, onídè tó ń yí ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ rọ lọ́fínńdà sínú mẹ́wàá, ẹ sọ àmì síbi tí ó dé, ẹ dà wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ooru. Èyí tó bá jò tàbí tó fà sílẹ̀, ẹ kò fẹ́ irú rẹ̀.

Ní ti ìjọba, lọ́fínńdà wà lára ohun tí NAFDAC ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe jíjẹ àti mímu nìkan. Bébà tó wà lára ìgò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ọjà, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ìpín tí ó ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nítorí pé ẹ máa ń rọ tuntun sínú ìgò àtijọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ní ìwé kan tí ẹ ń kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tó wá àti nọ́ńbà òórùn tí ẹ rọ fún un sí. Bí ara ẹnì kan bá yún un, ìwé yẹn ló máa sọ èwo ni kí ẹ yọ kúrò lórí káńtà.

Ìrísí ìgò tàbí ọ̀ṣọ́ tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín ṣe é forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àmì ọjà àti àwòrán ìrísí ní Àbújá. Ọdún 5 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, ó sì ṣe é tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tó fi jẹ́ ọdún 15. Ṣùgbọ́n ohun tuntun ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti tà á kiri ìlú, tí ẹ ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè sọ pé kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ná kí ẹ tó pàtẹ. Orúkọ ọjà yín ní tirẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀, ọdún 7 ni àkọ́kọ́, ẹ sì lè máa sọ ọ́ di tuntun ní ọdún 14 mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ìgò àkọ́kọ́, ẹ má ra iye ìgò kan náà pẹ̀lú iye ohun ìfín. Bí ẹ bá ra ìgò 100, ẹ ra ohun ìfín bí 150, láti ọwọ́ ẹnì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnu rẹ̀ lè bára mu. Ohun ìfín ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, bíi rọ́bà DeVilbiss, bẹ́ẹ̀ ìgò tí kò lè fín mọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa wà, kò ní padà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín.